Kì Í Ṣe Gbogbo Ohun Tó Funfun Létí Omi Ni Lékeléke

Lẹ́tà mẹ́rin ni a mú dáhùn lóṣù yìí, gbogbo wọn ló sì dá lórí ẹyẹ etí omi, mẹ́ta nínú wọn sì tún kan gígun kẹ̀kẹ́. Ti àkọ́kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀ gùn jù, nítorí pé ohun tí èmi fúnra mi ti ń ṣe létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni ẹni tó kọ ọ́ fọwọ́ bà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ẹni ọdún 63, Pápá ní Ẹ̀pẹ́ ni mò ń gbé. Dókítà ní kí n máa lo ara, ọmọ mi sì ra kẹ̀kẹ́ fún mi. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni mo ti ń gùn ún lọ sí etí ọ̀sà ní kùtùkùtù kí n lè máa wo ẹyẹ. Ìṣòro mi ni pé lékeléke nìkan ni mò ń rí, kí n sì tó sọ̀ kalẹ̀ kí n wò wọ́n dáadáa, wọ́n ti fò lọ. Ṣé ẹyẹ mìíràn kò sí níbẹ̀ mọ́ ni? Àwọn aládùúgbò ti ń pè mí ní ọdẹ tí kò ní ìbọn, wọ́n ní àṣà òyìnbó ni mo gbé wọ̀.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ara. Ẹ ní lékeléke nìkan ni ẹ ń rí, ṣùgbọ́n mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ẹ ti rí irú mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ pè ní ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ̀bi yín kọ́. Agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun: láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé òun ló ni funfun, nítorí náà ohunkóhun tó bá funfun tó sì ga lẹ́sẹ̀ létí omi, orúkọ rẹ̀ la fi ń pè é. Lékeléke gan-an, èyí tí ó ń tẹ̀lé màlúù kiri, tí àwọn ọmọdé ń na èékánná sí kí ó lè bùn wọ́n ní funfun, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ẹyẹ omi. Tata àti kòkòrò tí pátákò màlúù bá ta jí nínú koríko ni oúnjẹ rẹ̀. Ó kúrú lọ́rùn, àgógó rẹ̀ náà kò gùn, àwọ̀ ìyeyè ni.

Ẹsẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Bí ẹ bá rí èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, tí àgógó rẹ̀ dúdú gbọọrọ, tí ojúgun rẹ̀ dúdú bí èédú, ṣùgbọ́n tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wá jẹ́ àwọ̀ ìyeyè bí ọmọdé tó wọ bàtà Iléyá, ẹyẹ mìíràn nìyẹn, ẹ má sì tètè kúrò níbẹ̀. Mo ti jókòó wo ọ̀kan fún nǹkan bí ìdajì wákàtí nínú omi tí kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Yóò na ẹsẹ̀ kan síwájú, yóò máa gbọ̀n ọ́n rìrì nínú ẹrẹ̀ bí ẹni tí owó rẹ̀ já bọ́ síbẹ̀. Ẹja wẹ́wẹ́ àti edé tó sá pamọ́ yóò ta jáde, kí ojú tó ṣẹ́, ó ti ṣá wọn jẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ẹsẹ̀ kejì. N kò tíì rí lékeléke tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn ga tó nǹkan bí mítà kan, ọrùn rẹ̀ sì ṣẹ́ láàárín bí ẹni pé egungun kan yẹ̀ níbẹ̀. Dúdú ni ẹsẹ̀ tirẹ̀ látòkè délẹ̀, kò ní bàtà ọdún kankan, a sì máa dúró lójú kan bí òpó títí ẹja yóò fi gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ọ̀kan tún wà tó jẹ́ ẹlẹ́tàn pátápátá. Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí koríko gbígbẹ, a máa ká ọrùn wọ èjìká, ó sì lè wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí yín kí ẹ má rí i rárá. Ìgbà tó bá fò tán ni ìyẹ́ rẹ̀ yóò là, tí gbogbo rẹ̀ yóò funfun báláú, ẹ ó sì ní lékeléke kan ló jáde láti inú koríko. Ó dà bí ẹni pé òun ni ó ń fi yín ṣeré láàárọ̀.

Ní ti fífò tí wọ́n ń fò, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ló ń lé wọn, dídúró tí ẹ ń dúró ni. Ẹyẹ tó ń jẹun létí ọ̀nà ti mọ ohun tó ń kọjá lọ: ọ̀kadà ń kọjá, àwọn ìyá tó ru ẹja lọ sí ọjà Olúwo ń kọjá, kò sì tìtorí wọn gbé orí sókè. Ẹni tó bá dáwọ́ dúró lójijì tó sì kọjú sí i ni ó jọ ẹni tó fẹ́ pa á jẹ. Nítorí náà, bí ẹ bá ti rí wọn lókèèrè, ẹ sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó bá ṣì ku bí àádọ́ta ìṣísẹ̀, kí ẹ máa ti kẹ̀kẹ́ lọ jẹ́jẹ́, kí kẹ̀kẹ́ náà sì wà láàárín ẹ̀yin àti ẹyẹ. Ẹ má tẹjú mọ́ wọn. Ẹ máa rìn bí ẹni tó ń lọ síbòmíràn. Bí wọ́n bá na ọrùn sókè tí wọ́n sì dáwọ́ oúnjẹ dúró, ẹ̀yin náà ẹ dúró. Bí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i.

Ariwo náà wà níbẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bíréèkì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi a máa han bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ dè, mo sì fi òróró sí i, mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n. Lọ́jọ́ kejì mo dé ibi tí pẹ́pẹ́yẹ igbó bí ogójì wà lórí omi, mo fa bíréèkì, kò mú, mo sì bá ara mi nínú ẹrẹ̀ tó dé orúnkún, kẹ̀kẹ́ wà lórí mi, àwọn pẹ́pẹ́yẹ wà lókè tí wọ́n ń súfèé. (Bí wọ́n ṣe ń ké nìyẹn, ohùn mẹ́ta-mẹ́ta, iwájú ojú wọn sì funfun, kì í ṣe pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà.) A kì í fi òróró sí bíréèkì. Sáńpépà ni kí ẹ fi ha rọ́bà rẹ̀ àti etí ríìmù, ariwo náà yóò dákẹ́. Ṣéènì ló ni òróró.

Oòrùn máa ń yọ lágbègbè wa láàárín nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje, yálà òjò ni tàbí ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ẹ ti wà níbẹ̀ kó tó yọ. Ẹ gùn kọjá ibi tí ẹ fẹ́ wò lọ sí ìhà ìlà oòrùn, kí ẹ wá ṣẹ́rí padà, kí ìmọ́lẹ̀ lè wá láti ẹ̀yìn yín; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òjìji dúdú lásán ni ẹ ó rí, ẹ kò sì ní mọ àwọ̀ ẹsẹ̀ kankan.

Bí ẹ bá ti mọ bí a ṣe ń dúró, ẹ wá ibi tí ojú oró àti òṣíbàtà bá ti bo omi. Kí ẹ má sì fojú fo ewé olódòdó àwọ̀ àlùkò yẹn, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní orílẹ̀-èdè yìí ní 1984, nígbà tí ó gba odò Àgbádárìgì wọlé láti ìhà ilẹ̀ Benin. Àwọn apẹja kórìíra rẹ̀, wọn kò sì jẹ̀bi, torí pé ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kan ti sọ ọ́ di ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Kò tóbi ju ọmọ adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ. Ara rẹ̀ pọ́n bí awẹ́ obì tó ti gbẹ, iwájú ọrùn rẹ̀ funfun, nǹkan kan bí àwo kékeré tó ní àwọ̀ ojú sánmà sì lẹ̀ mọ́ iwájú orí rẹ̀. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé bó bá gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ ó rò pé ó di ọwọ̀n dání. Gígùn yẹn ló fi ń pín ìwúwo ara rẹ̀ sórí ewé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó fi ń rìn lójú omi láìrì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, mo rí ọ̀kan nínú wọn tí ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́rin so rọ̀ lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, yàtọ̀ sí méjì tó fi dúró. Mo nu ojú, mo tún wò ó. Ó rìn kọjá sórí ewé mìíràn, ó dẹ ìyẹ́, ọmọ méjì já bọ́, wọ́n gbọn ara nù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa kòkòrò jẹ. Bàbá wọn ló fi wọ́n há abíyá. Nínú ìran ẹyẹ yìí, akọ ló ń sàba, akọ ló ń tọ́ ọmọ. Abo, tí ó tóbi jù ú lọ, á ti lọ bá akọ mìíràn lódì kejì àbàtà. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìyàwó mi máa ń ka ojú ìwé yìí.

Etí náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ohùn tó ń dún láti inú eèsún bí ẹni tó ń da omi láti inú akèrègbè, tí ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, elúùlú ni, òun tí àwọn àgbà ní ó ń pe òjò lé ara rẹ̀ lórí. Bí ẹyẹ dúdú kékeré kan bá sì yọ láti ìdí koríko, tí àgógó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì pupa fòò, ẹ má mira, torí pé bó bá ti wọlé padà, ó di ọjọ́ mìíràn. Ti àwọn ẹranko, ipasẹ̀ wọn ni ẹ ó máa rí ju àwọn fúnra wọn lọ. Ibi tí ẹ bá ti rí ojú ẹsẹ̀ oníka márùn-ún lọ́tùn-ún lósì lórí ẹrẹ̀, tí ilà gbọọrọ kan sì gba àárín wọn kọjá, awọ́nríwọ́n ló wọ́ ìrù rẹ̀ gba ibẹ̀.

Kí ẹ wá sọ fún àwọn aládùúgbò yín pé ta ni ó mọ ẹyẹ tó ọdẹ ilẹ̀ wa? Olóyè Shafi Lawal Edu, ẹni tó dá Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ ní 1980, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Ọgbà tí àjọ náà ń tọ́jú ní Lẹ́kkí, tó tó hẹ́kítà 78, ojú ọ̀nà kan náà tó ti Èkó wá sí ọ̀dọ̀ yín ló wà, wọ́n sì fi pákó ṣe ọ̀nà sórí àbàtà ibẹ̀ kí èèyàn lè rìn wọ àárín rẹ̀ láìfi ẹsẹ̀ kan ẹrẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi yín ṣe ẹlẹ́yà lọ síbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín láti Àgbádárìgì. Apẹja ni ọkọ mi. Ẹyẹ funfun kan tí orí rẹ̀ dúdú, tí ìrù rẹ̀ là sí méjì, há sínú àwọ̀n rẹ̀, ó sì ti kú kí ó tó fa àwọ̀n sókè. Òrùka irin kékeré kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí nǹkan wà lára rẹ̀ ní kíkọ. Ìyá ọkọ mi ní oògùn ni, kí a sọ ọ́ sódò. Ọkọ mi kò tíì sọ ọ́ nù. Kí ni kí a ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú orí ire pé ẹ kò sọ ọ́ nù. Màmá kò ṣi inú rò, nítorí pé bí a bá rí ohun tí a dè mọ́ ẹ̀dá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ wa, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ló dè é. Ó sì ní ẹni tó dè é lóòótọ́, àmọ́ onímọ̀ nípa ẹyẹ ni, kì í ṣe oníṣègùn. Olùkọ́ kan ní ilẹ̀ Denmark, Hans Christian Cornelius Mortensen, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní 1899, nígbà tó fi òrùka tí a kọ nọ́ńbà sí bọ ẹyẹ lẹ́sẹ̀ kó lè mọ ibi tí wọ́n ń gbà lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti ń ṣe é.

Bí ẹ ti ṣe ṣàpèjúwe ẹyẹ náà, ìran àwọn ẹyẹ òkun kan ló jọ. Púpọ̀ nínú wọn ń yé ẹyin ní Yúróòpù nígbà tí ooru bá mú níbẹ̀, wọ́n á sì wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bí òtútù bá dé. Ẹyẹ kékeré kan tó máa ń mi ìdí lórí òkúta àti lórí ọkọ̀ ojú omi, tí kò sì lè dúró jẹ́ẹ́, ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń bá wá. Lékeléke pàápàá ń rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀: ìhà àríwá ni púpọ̀ wọn ń gbà lọ yé ẹyin lákòókò òjò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Kí ọkọ yín fi kànìnkànìn fọ òrùka náà jẹ́jẹ́, kí ẹ kọ gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀ láìfo ọ̀kankan, kí ẹ fi fóònù yà á, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ rí i àti orúkọ ibẹ̀ kún un. Àdírẹ́sì tàbí orúkọ ibùdó tó fi í sí i máa ń wà lára òrùka. Ibẹ̀ ni ẹ ó fi ránṣẹ́ sí. Wọ́n máa ń fèsì ibi tí wọ́n ti bọ̀ ọ́ àti ọdún tí wọ́n bọ̀ ọ́. Ẹ má retí owó. Bí irú rẹ̀ bá tún há sínú àwọ̀n tó ṣì wà láàyè, ẹ ka nọ́ńbà náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì tú u sílẹ̀ pẹ̀lú òrùka rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ìkòròdú. Mo fẹ́ máa gun kẹ̀kẹ́ láti ibí lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní òwúrọ̀ Sátidé láti wo ẹyẹ. Irú kẹ̀kẹ́ wo ni kí n rà, ṣé mo sì nílò awò tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, má gùn ún dé Ẹ̀pẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, etí títì kò sì fẹ̀ níbi gbogbo. Kí o tó débẹ̀, oòrùn á ti ga, àwọn ẹyẹ á ti jẹun tán. Omi wà nítòsí rẹ ní Májídùn àti Báyékù. Tòkunbọ̀ tí táyà rẹ̀ fẹ̀ ti tó, kí o sì gbé pọ́ńpù àti túùbù kan dání, torí pé kò sí fọkanáísà nínú àbàtà.

Bí o bá fẹ́ ra awò náà, wá èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára. 8 ni iye ìgbà tó ń sọ nǹkan di ńlá, 42 sì ni fífẹ̀ dígí iwájú rẹ̀ ní mìlímítà, èyí tó ń jẹ́ kó gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa ní kùtùkùtù. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta èyí tó ju 10 lọ fún ọ, ọwọ́ rẹ yóò máa gbọ̀n. Bí owó kò bá tíì sí, ìwé kékeré àti bírò ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Ètò kan wà tí wọ́n fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹyẹ káàkiri Nàìjíríà, Nigerian Bird Atlas Project, ó sì gba ẹnikẹ́ni láàyè. Wọ́n pín orílẹ̀-èdè sí àyè kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó bíi kìlómítà mẹ́sàn-án ní ìbú àti òòró. Wàá lo wákàtí méjì ó kéré tán nínú ọ̀kan, wàá sì to orúkọ ẹyẹ bí o ṣe ń rí wọn tẹ̀lé ara wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 11, fẹ́ máa bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí àbàtà ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Ẹ̀rù ejò àti ọ̀nì ń bà mí. Ó tún ní kí n bá òun béèrè lọ́wọ́ yín pé kí ló dé tí lékeléke fi ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan, tí kì í sì í ṣubú?

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ kó lọ, ìyá wa, kó wọ bàtà rọ́bà, kó má sì ki ọwọ́ bọ ihò. Ohun tó bà mí lẹ́rù ju ejò lọ ni wíwọ inú omi adágún, torí pé inú irú omi tí kò ṣàn bẹ́ẹ̀ ni ìgbín kékeré tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá máa ń wà, ara lásán sì ni kòkòrò náà ń gbà wọlé. Kó máa wo omi láti orí ilẹ̀ gbígbẹ. Kí ó sì wà níwájú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lójú ọ̀nà, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n lè máa rí i.

Ti ìbéèrè rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé ohun tó ń pè ní orúnkún ẹyẹ, tó ń ṣẹ́ sẹ́yìn yẹn, ọrùn ẹsẹ̀ ni. Orúnkún gan-an wà lókè, inú ìyẹ́ ni ó bò ó mọ́. Ojúgun ẹyẹ kò ní ìyẹ́, nítorí náà ooru ara ń gba ibẹ̀ jáde. Bó bá ká ẹsẹ̀ kan sínú ìyẹ́, ìdajì ooru náà dúró sílé, bí àwa náà ṣe ń ki ọwọ́ bọ abíyá ní àárọ̀ ọyẹ́. Ti àìṣubú, ìran ẹyẹ mìíràn tí wọ́n ń pè ní flamingo ni mo mọ̀ pé wọ́n yẹ̀ wò. Ní 2017, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà rí i pé bí a bá gbé òkú rẹ̀ sí ipò ẹsẹ̀ kan, oríkèé rẹ̀ yóò há mọ́ra fúnra rẹ̀, ara kò ní wó. Ṣùgbọ́n ní ipò ẹsẹ̀ méjì, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ kan gan-an ni kò gba agbára lọ́wọ́ ẹyẹ náà.

Kí ọmọ yín mú aago dání nígbà tó bá ń lọ, kó wá lékeléke kan tó ń sinmi, kó ka iye ìṣẹ́jú tí yóò lò kó tó pààrọ̀ ẹsẹ̀, kó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Èmi ò kà á rí.